Ibi Tí Wọn Kò Ti Sọ̀rọ̀

Ojú wọn ni mo kọ́kọ́ kórìíra. Ojú tó gba ìdajì orí, tí omi ń dán nínú rẹ̀ kódà nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sunkún, tí imú àti ẹnu sì wá kéré bí ẹni pé ó ti rẹ ẹni tó ya àwòrán náà kí ó tó kàn wọ́n. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún àbúrò mi lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ jókòó tì í láti wo àwọn eré Jàpáànù tó ń pè ní animé. Ó dá mi lóhùn pé ojú ni wọ́n fi ń sọ ohun tí ẹnu wọn kò lè sọ, ìdí nìyẹn tó fi tóbi. Faransé ló fi sọ ọ́. Èmi ni mo ń fi Yorùbá kọ ọ́ síbí, mo sì mọ̀ pé nǹkan kan ti bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Mo rántí pé mo rẹ́rìn-ín. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ń ṣe ni mo wo aago.

Mo sọ èyí níbẹ̀rẹ̀ kí ẹni tó ń kà mí má baà gbà mí gbọ́ ju bó ti yẹ lọ. Ẹ̀kọ́ ìtàn ni mo kà ní yunifásítì, ohun tí àwọn olùkọ́ wa sì tẹnu mọ́ jù lọ ni pé ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo kò tó fi ìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, àwa mẹ́rin la jọ wà nínú pálọ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì lè bi ẹnì kan nínú àwọn mẹ́ta yòókù léèrè bóyá bí mo ṣe rántí rẹ̀ ni ó rí.

Koumassi, ní ìlú Abidjan ní Ivory Coast, ni ilé wa wà, ní apá ibi tí afẹ́fẹ́ ọ̀sà ti ń wọ yàrá ní ìrọ̀lẹ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá wa. Abọ́ àti ìkòkò ló ń tà ní ọjà Adjamé, ó sì ti ń tà á kí a tó bí mi. Èmi ni àkọ́bí, àbúrò mi yìí ni àbígbẹ̀yìn. Àwọn tó wà láàárín wa ti lọ sílé ọkọ. Ìgbà tí àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń so okùn bàtà ni ìyá wa kú, láti ìgbà náà ni mo sì ti padà sílé bàbá mi, tí mo ń lọ síbi iṣẹ́ láti ibẹ̀. Ọmọ Abidjan pátápátá ni àbúrò mi. Ó ń gbọ́ Yorùbá, àmọ́ bí o bá fi Yorùbá pè é, Faransé ni yóò fi jẹ́ ọ, bí inú rẹ̀ bá sì dùn, yóò fi èdè àwọn ọmọ àdúgbò kún un tó fi jẹ́ pé èmi tí mo jáde yunifásítì yóò máa bi í pé kí ló wí.

Kì í ṣe pé n kò gbìyànjú. Mo jókòó tì í lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí mo ti rí i pé ìgbà tó bá ń wo eré wọ̀nyẹn nìkan ló ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìjà yóò dé ibi tó gbóná, àwọn méjèèjì yóò sì dúró, ọ̀kan yóò bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé agbára rẹ̀ fún èkejì bí olùkọ́ níwájú pátákó, èkejì yóò sì dúró gbọ́ ọ dé òpin. Àwọn ọmọ ilé-ìwé tí kò tíì hu irùngbọ̀n ló ń gba ayé là. N kò rí àgbàlagbà kan tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ lọ̀. Ẹ̀kán òógùn kan ṣoṣo, tó tó ẹyin adìẹ, yóò yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ẹnì kan, àbúrò mi yóò bú sẹ́rìn-ín, èmi yóò sì máa wá ohun tó pani lẹ́rìn-ín kiri inú àwòrán. Lẹ́yìn náà ni ariwo yóò tún gbòde. Wọ́n ń kígbe nígbà tí inú bá bí wọn, wọ́n ń kígbe nígbà tí oúnjẹ bá dùn.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi níbi iṣẹ́ máa ń sọ pé eré ọmọdé ni, pé ìdí nìyẹn tí ọkàn àgbà kì í fi í lọ síbẹ̀. N kò rò pé òótọ́ ni. Mo mọ àgbà tó ń fi ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ wo eré tí ológbò ti ń lé eku, tó sì ń fi ẹsẹ̀ janlẹ̀ fún ẹ̀rín. Ní tèmi, bí mo ti ń rò ó báyìí, inú bí a ti ń wo eré nílé wa ni ọ̀rọ̀ náà wà.

Ní ilé wa, a kì í wo eré ní ìdákẹ́jẹ́. Ìyá wa, nígbà tó wà láyé, máa ń bá àwọn tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n sọ̀rọ̀ bí aládùúgbò. "Má wọlé yẹn o! Ọkùnrin náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn! Háà, ó ti wọlé. Mo sọ fún un, àbí n kò sọ?" Bí òṣìkà bá ṣubú, gbogbo ilé ni yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Eré tí kò bá sí ẹni tó dá a lóhùn, eré tí kò dùn ni. Nítorí pé àwọn òbí wa kò lè ka Faransé, ọmọ tó bá mọ ìwé ló ń ka eré fún ilé. Ìyẹn ni pé èmi ni. Ìròyìn, fíìmù àwọn ará Íńdíà, ìfilọ̀ ìjọba, bí ọ̀rọ̀ bá ti ń kọjá nísàlẹ̀ àwòrán ni mo ń fi Yorùbá kéde rẹ̀, tí mo sì ń fi ọbẹ̀ tèmi sí i níbi tó bá ti gbẹ. "Alákọ̀wé, kí ló wí?" Gbólóhùn tí mo gbọ́ jù lọ lẹ́nu bàbá mi nígbà èwe mi nìyẹn, mo sì gbádùn rẹ̀. N kò ní purọ́. Kò sí ibi tí mo ti jẹ́ ẹni pàtàkì bí ibẹ̀ rí.

Eré Jàpáànù kì í gba irú kíkà bẹ́ẹ̀. Ẹnu ẹni náà yóò pa dé, ọ̀rọ̀ yóò sì máa kọjá nísàlẹ̀. Ta ló ń bá sọ̀rọ̀? Inú ara rẹ̀ ló ń bá sọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ìyẹn fún bàbá mi, tó gbà pé ẹni tó bá ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lójú títì, kí a mú un lọ sílé ni? Ibi tó tún burú jù ni ibi tí ọ̀rọ̀ kò ti sí rárá, tí wọn yóò kàn fi koríko tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ hàn ọ́, tàbí okùn aṣọ tó ṣófo. Níbẹ̀ ni mo máa ń dìde lọ bu omi mu.

Ohun tó sọ ọ̀rọ̀ yìí di ọ̀rọ̀ ẹbí ni ìkíni kan. Ibà dá bàbá wa dùbúlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, àwọn àgbà ẹgbẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ wá kí i nílé. Pálọ̀ kún. Àbúrò bàbá wa obìnrin, tó ń ta aṣọ ọmọdé ní Abobo Gare, tí gbogbo wa sì ń pè ní Ìyá Abobo, wà níbẹ̀ láti gba àlejò. Àbúrò mi gbé omi wọlé lórí àwo. Ó gbé e kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà, dípò kó kúnlẹ̀, ó dúró ṣánṣán, ó na ọwọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ itan, ó sì tẹ̀ láti ìbàdí títí irun rẹ̀ fi dà síwájú, ó sì wà bẹ́ẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Bí àwọn ọmọ inú eré rẹ̀ ṣe máa ń kí àgbà tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún jù lọ nìyẹn. Mo ti rí i pẹ̀lú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà wo ilẹ̀ lábẹ́ àga rẹ̀, ó béèrè pé, "Kí ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ mi?"

"Kò sí ohun tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bàbá," ni Ìyá Abobo dáhùn. "Ẹ̀yìn ló ń dùn ún. Láti àárọ̀ ló ti tẹ̀ sórí fóònù."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní ìkà nínú. Bàbá wa nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Mo rí ojú àbúrò mi nígbà tó gbé orí sókè, ojú ẹni tó fi ẹ̀bùn tó dára jù tó ní tọrẹ, tí wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ni ó ń wá nílẹ̀. Tàbí kẹ̀, bí mo ṣe ń rí i báyìí nìyẹn. Ní ọjọ́ náà gan-an, ojú tì mí, mo sì sáré lọ mú bisikí wá.

Nígbà tí àlejò lọ tán, Ìyá Abobo kò jẹ́ kí ilẹ̀ tutù. "Ẹ̀gbọ́n, mo bẹ̀ yín, ọmọ yìí ti ń sọnù mọ́ yín lọ́wọ́. Kò gbédè, kò mọ̀ ọ́ kí, ilé àwọn olójú-ńlá ló ń gbé látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ jẹ́ kó lọ mọ ilé."

Kó lọ mọ ilé. Láàárín wa níbí, kò sí ẹni tí kò mọ ìtumọ̀ gbólóhùn yẹn. Ọmọ tí Abidjan bá fẹ́ gbé mì, à á dá a padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, tàbí sí Ṣakí, tàbí sí Ìsẹ́yìn, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá tàbí ìyá àgbà, kó lọ gbé níbẹ̀ títí èdè yóò fi wọ̀ ọ́ lára. Wọ́n rán èmi náà lọ nígbà tí mo kéré. Mo sunkún títí a fi kọjá Ghana, mo tún sunkún nígbà tí wọ́n ń dá mi padà bọ̀. Bí kò bá jẹ́ ìrìn àjò yẹn, n kì bá tí lè kọ ohun tí mo ń kọ yìí ní èdè tí mo fi ń kọ ọ́. Èyí ni kò jẹ́ kí n lè la ẹnu sọ pé kí wọ́n má rán an lọ. Bàbá wa sọ pé bí ilé-ìwé bá ti parí ọdún, yóò lọ.

Àbúrò mi kò jà. Ó lọ bá bàbá wa lórí àga rẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, ó sì bẹ̀bẹ̀ ohun kan: kí bàbá wo ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn eré náà pẹ̀lú òun, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Yorùbá ló fi bẹ̀ ẹ́. Ó ti kọ́ gbólóhùn náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, ó sì ń kà á bí ẹni ń ka Kùránì tí kò tíì mọ ìtumọ̀ rẹ̀: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó pẹ̀lú mi."

Olóòótọ́ ènìyàn ni bàbá wa nínú òwò, bó sì ti ń ṣe nínú òwò ló ń ṣe nílé. Ó ní, "Ìyáà mi," nítorí bó ti máa ń pè é nìyẹn, nítorí pé ó jọ ìyá rẹ̀, "a kì í sọ pé ọjà kò dára láìtíì tú u wò. Èmi yóò wò ó. Bí mo bá rí ọgbọ́n kan níbẹ̀ tí ilé yìí lè jẹ, o ò ní lọ." Ó yí sí mi. "Alákọ̀wé ni yóò kà á fún mi."

Gbogbo bí ọ̀rọ̀ ṣe wá bọ́ sí mi lọ́wọ́ nìyẹn.

Ó pẹ́ kí àbúrò mi tó yan eré náà. Kò mú èyí tí wọ́n ti ń jà, kò mú èyí tí irun ènìyàn ti ń jóná. Ó mú fíìmù kan tó dá dúró fúnra rẹ̀, ìtàn ọmọbìnrin kan tí ìyá rẹ̀ kú, tó wá lọ sí abúlé tí ìyá náà ti dàgbà kó lè palẹ̀ ilé mọ́ kí wọ́n tó tà á. Ó sọ ìtàn náà fún mi lórí bẹ́ẹ̀dì mi. Mo sì rò pé ó sọ fún mi pé, "Ibì kan wà tí òjò ti ń rọ̀. Tó bá débẹ̀, grande sœur, ẹ̀gbọ́n mi, má sọ nǹkan kan. Jẹ́ kí Papa wò ó."

Mo rò pé ó sọ bẹ́ẹ̀. N kò lè búra. Nígbà mìíràn mo máa ń gbọ́ ọ ní ohùn rẹ̀, pẹ̀lú bó ṣe ń fa òpin ọ̀rọ̀ gùn. Nígbà mìíràn ó máa ń dá mi lójú pé lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti parí ni mo fi ọ̀rọ̀ náà sí i lẹ́nu, nítorí pé ó rọ̀ mí lọ́rùn láti kábàámọ̀ ohun tí mo gbàgbé ju ohun tí n kò lè rí lọ. Bí ó bá sọ ọ́, mo gbàgbé. Bí kò bá sọ ọ́, a jẹ́ pé ó gbà pé mo ti mọ̀. N kò mọ èyí tó sàn nínú méjèèjì.

Ọjọ́ Àìkú ni, lẹ́yìn ìrun Àílà. Àbúrò mi fi wáyà so fóònù rẹ̀ mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ó ti nu àga bàbá wa, ó ti fa aṣọ ojú fèrèsé kí oòrùn má baà pa àwòrán. Ìyá Abobo dé bí a ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó ń bú awakọ̀ gbákà, bọ́ọ̀sì kékeré tó gbé e wá, ó sì jókòó sórí ẹní pẹ̀lú ẹ̀pà nínú ọ̀rá.

"Ọmọ ta ni?" ni bàbá béèrè.

"Ọmọ ilé-ìwé ni, Bàbá. Ìyá rẹ̀ ti kú. Ó ń lọ sí abúlé ìyá rẹ̀."

"Pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé yẹn?" ni Ìyá Abobo wí. "Wọ́n á jẹ́ kó wọ abúlé?"

"Ìyá Abobo, ẹ jẹ́ kí ọmọ wọ ọkọ̀ ná."

"Mo ti dákẹ́. Mo kàn ń béèrè ni."

Mo kà á dáadáa. N kò fi ọbẹ̀ kankan sí i, mo fẹ́ kí òdodo inú rẹ̀ jáde. Ọkọ̀ ojú irin gba àárín oko kọjá, bàbá sì yin ojú irin náà, ó ní ó mọ́. Lẹ́yìn náà ni ìyá arúgbó kan, aládùúgbò, gbé ohun kan wá fún ọmọ náà nínú agbọ̀n, erùpẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Bàbá na ọrùn síwájú.

"Kókò nìyẹn!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Irú kókò kan ni."

"Àwọn náà ń jẹ kókò?" Ó rẹ́rìn-ín sókè, ó yí sí àbúrò rẹ̀. "O rí i? Ọmọ olójú-ńlá ń jẹ kókò."

"Kí wọ́n fi epo sí i," ni Ìyá Abobo dáhùn, ó sì fún àbúrò mi ní ẹ̀pà. Mo wo àbúrò mi. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń jẹ ẹ̀pà náà tèèpotèèpo. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí gbà gbọ́ pé kò ní lọ mọ́.

Òjò inú eré bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà dá nìkan wà nínú ilé ìyá rẹ̀. Ó ń fọ ìrẹsì. Omi ń ṣàn lórí òrùlé. Ọ̀rọ̀ kankan kò kọjá nísàlẹ̀ àwòrán. Mo dúró kó wá. Ojú mi wà níbẹ̀, ní etí ìsàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n, bí ojú ẹni tó ń dúró de wôrô-wôrô, takisí àjọwọ̀, ní ìkóríta.

"Alákọ̀wé, kí ló wí?"

"Kò tíì sọ̀rọ̀, Bàbá."

Ó pẹ́ díẹ̀ sí i.

"Kí ló wí báyìí?"

"Kò sí nǹkan kan, Bàbá. Òjò ń rọ̀ ni."

"Ó ti pẹ́ tó ti ń wo ògiri," ni Ìyá Abobo wí.

Mo rántí pé àbúrò mi yí ojú sí mi, àmọ́ n kò rí ohun tó wà nínú ojú náà, nítorí pé ìsàlẹ̀ àwòrán ni mo ń wò.

"Foyi," ni bàbá wí. Ọ̀rọ̀ èdè Jùlá ni, pé kò sí nǹkan kan, ohun tí àwọn oníṣòwò Adjamé ń sọ sí ara wọn nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú tí ẹnikẹ́ni kò rajà. Ó rọra fẹ̀yìn ti àga. Ìdákẹ́jẹ́ náà ń ni mí lára, ó dà bí ẹni pé èmi ni mo ń kùnà, bí ẹni pé ọbẹ̀ tán nínú ìkòkò níwájú àlejò. Mo wá bi Ìyá Abobo bóyá wọ́n ti tún ojú ọ̀nà Abobo Gare ṣe. Ó ti ń dúró de ìbéèrè náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí rò ó, ìtàn awakọ̀ gbákà náà àti obìnrin kan tó gbé ewúrẹ́ wọ ọkọ̀, ìtàn náà dùn, bàbá wa sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọ̀rọ̀ padà sí ìsàlẹ̀ àwòrán, ilẹ̀ ti mọ́ nínú eré, a kò sì mọ ibi tí a dé mọ́. Kò pẹ́ sí i tí wọ́n fi pe ìrun Alásàárì ní mọ́ṣáláṣí iwájú ilé. Bàbá dìde.

Lẹ́yìn ìrun, kò padà sórí àga. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tẹ̀sùbáà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò sì le. "Ìyáà mi, mo ti wò ó. Kì í ṣe ohun burúkú. Mo ti bá wọn jẹ kókò. Àmọ́ òfìfo ni, ọmọ mi. O ò lè máa fi òfìfo dàgbà."

Àbúrò mi ń ká wáyà náà mọ́ ọwọ́ rẹ̀. "Y a pas drap," ni ó wí, bí àwọn ọmọ ibí ti ń sọ pé kò burú, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Nígbà tó ku èmi àti òun, ó fi Yorùbá tí kò dán mọ́rán sọ fún mi pé, "Ẹ ò wò ó." Mo sọ fún un pé mo kà á dáadáa. Mo ṣì gbà pé mo kà á dáadáa.

Ó lọ. A sìn ín dé ibùdókọ̀ tí bọ́ọ̀sì Nàìjíríà ti ń gbéra, bàbá wa ra búrẹ́dì fún un, Ìyá Abobo sunkún ju gbogbo wa lọ. Ó dì í mú títí a fi ní kó fi í sílẹ̀.

Nígbà tí òjò ọdún tó tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀ ní Koumassi, tí omi dí wa mọ́lé, mo wá eré náà rí, mo sì wò ó ní èmi nìkan. Mo gbé ìwé lé ìsàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n kí n má baà rí ọ̀rọ̀. Ó dà bí ọgbọ́n nígbà náà. Nínú òjò náà, ọmọ náà se ìrẹsì jinná. Ó bù ú sínú abọ́ méjì. Ó gbé ọ̀kan síwájú ara rẹ̀, ó gbé èkejì sí òdìkejì tábìlì níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni. Èéfín ń yọ lára àwọn méjèèjì. Ó jẹ tirẹ̀ tán. Èéfín abọ́ kejì rọ díẹ̀díẹ̀ títí kò fi yọ mọ́. Ọmọ náà wá na ọwọ́, ó fà á mọ́ra, ó sì jẹ ìyẹn náà.

Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Ilé alábọ́ ni ilé wa. Abọ́ ìyá wa, tánganran funfun tó ní òdòdó aró létí, wà lórí pẹpẹ láti ìgbà tó ti kú, àbúrò mi nìkan ló sì ń fi í jẹun. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé kó máa fi í jẹun, kò sì sí ẹni tó ní kó má fi í jẹun. A kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ rí. N kò mọ̀ bóyá ìdí tó fi yan eré náà nìyẹn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọ̀ rẹ̀ ló wù ú. Mo ń ṣọ́ra fún ìtumọ̀ tó bá ti dùn jù.

Mo fẹ́ lè sọ pé láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbádùn eré wọn. Irọ́ ni yóò jẹ́. Mo ti wo ọ̀pọ̀ sí i, ojú wọn ṣì tóbi jù, ariwo wọn ṣì ń fọ́ mi létí, n kò sì tíì mọ ohun tí ẹ̀kán òógùn yẹn ń pani lẹ́rìn-ín sí. Ohun tí mo kọ́ kò ju kí n pa ẹnu mọ́ lọ, ìyẹn kì í sì í ṣe ìgbádùn.

Ó tún pẹ́ kí n tó sọ̀rọ̀ abọ́ náà fún bàbá wa, oúnjẹ ni a sì ń jẹ nígbà tó bọ́ lẹ́nu mi. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Àílà, ó ní, "Eré òfìfo yẹn. Gbé e sí i kí n rí i."

Mo gbé e sí ibi tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Kò béèrè pé kí ló wí. Nígbà tí ọmọ náà gbé abọ́ kejì kalẹ̀, ó na ọwọ́ sókè, mo sì dá àwòrán dúró.

"Ta ni yóò jẹ ìyẹn?"

"Ìyá rẹ̀, Bàbá."

Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Abọ́ náà dára. Irú rẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ wa." Lẹ́yìn náà ló wí pé, "Pè é fún mi."

Ẹ̀gbọ́n bàbá wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló gbé fóònù kó tó fún un. Ohùn tó jáde sí pálọ̀ wa kún, ó sì dúró gbọn-in. "Bàbá, ẹ káàsán sà. Ṣé dáadáa lẹ wà? Ara yín ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ńkọ́? Ọjà ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Ọlọ́run á máa dá ẹ̀mí yín sí fún wa." Kò sí Faransé kankan níbẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ eékún rẹ̀ nílẹ̀. Gbogbo ohun tí Ìyá Abobo tọrọ fún un ni Ọlọ́run ti fi fún un, n kò sì mọ ìdí tí mo fi ń wá ohùn mìíràn nínú ohùn náà.

"Ìyáà mi, a ń wo eré rẹ," ni bàbá wí.

"Eré wo, sà?"

"Èyí tí òjò ti ń rọ̀. Tó gbé abọ́ méjì sílẹ̀."

Àkùkọ kọ lẹ́yìn rẹ̀ níbẹ̀. "Áà, ẹ má dá ara yín láàmú, Bàbá. Mi ò wo ìyẹn mọ́."

"Mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ bi ọ́ ni. Níbi tó jókòó sí yẹn, tí kò sọ̀rọ̀. Kí ló ń rò?"

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kúkúrú tí ọmọ tó mọ̀wà ń rín fún àgbà. "Kò sí nǹkan kan, sà," ni ó wí. "Òjò ń rọ̀ ni."

Ó ṣàdúrà fún bàbá, bàbá ṣe àmín, ó ní kí ó kí ẹ̀gbọ́n òun. Mo gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ìlà já. N kò mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ mi ni àbúrò mi dá padà fún mi, tàbí ó gbàgbé ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́, tàbí bẹ́ẹ̀ gan-an ló ti wá rí lójú rẹ̀. Lórí tẹlifíṣọ̀n, abọ́ méjèèjì wà níbi tí a dá wọn dúró sí, èéfín wọn kò lọ sókè, kò wá sílẹ̀. Mo bi bàbá bóyá kí n pa á.

"Jẹ́ kó jẹun ná," ni ó wí, ó sì fa ara rẹ̀ súnmọ́ iwájú àga.